Ògiri Tí Mo Kánjú Mọ, àti Ilé Amọ̀ Orí Òkè

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ ó kọ́, ẹ jókòó dáadáa. Iṣẹ́ ilé mímọ ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe, láti ìgbà tí irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n mi títí di ìgbà tí orúnkún mi sọ fún mi pé ó tó gẹ́ẹ́. Odigbo ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ṣẹ́, mo sì mọlé kiri láti Ore dé Araromi-Obu. Ẹ ó gbọ́ bí mo ṣe kọ́ ọ. Ẹ ó gbọ́ bí mo ṣe dé orí òkè kan ní ilẹ̀ òkèèrè, tí mo fojú ara mi rí ilé amọ̀ tó ga ju igi ìrókò lọ. Ṣùgbọ́n kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ pé ọ̀rọ̀ kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí mo gbé mì fún ohun tó lé láàádọ́ta ọdún. Ọ̀rọ̀ náà kan ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ mi Sọ́ńdè, ó sì kan orúkọ ọ̀gá mi. Ẹ̀rù máa ń bà mí pé ọ̀kan nínú èmi àti Sọ́ńdè á kú kí n tó lè la ẹnu mi.

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ kò gùn. Bàbá mi ní oko kòkó òun kò lè gba ọmọkùnrin mẹ́fà, ó sì mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Akínṣọlá, àgbà mọlémọlé tí gbogbo Odigbo mọ̀. Ní ti owó, ẹ má wulẹ̀ béèrè. A jẹun, a ò kú.

Ọdún kan gbáko ni èmi àti Sọ́ńdè fi po amọ̀. Ọmọ Ore ni Sọ́ńdè, ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀bà fún àwọn awakọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n sì mú àwa méjèèjì wá. A ó gbẹ́ amọ̀, a ó ṣa òkúta àti gbòǹgbò kúrò nínú rẹ̀, a ó bu omi sí i, a ó wọnú rẹ̀ lọ, a ó máa tẹ̀ ẹ́ títí itan wa á fi máa gbọ̀n. A ó wá bò ó fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin kí ó lè rọ̀ dénú, a ó tún wọ inú rẹ̀ lọ. Bí Ọ̀gá bá dé, á ki ọwọ́ bọ amọ̀ náà dé ìgúnpá. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá kan gbòǹgbò kan ṣoṣo tí kò ju igi ìṣáná lọ, á gbé e sókè níwájú wa, á ní, "Ta ló ni èyí?" A ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Sọ́ńdè ló máa ń dá orin tí a fi ń tẹ amọ̀. Ohùn rẹ̀ dùn, ó sì máa ń fi orúkọ mi sínú orin náà pé ẹsẹ̀ mi tínrín bíi ti lékeléke.

Ọ̀gá kì í na ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni kì í pariwo. Ohun tó máa ń ṣe burú ju pàṣán lọ. Bí ògiri tí a mọ lánàá bá wọ́, á fi èjìká tì í ṣubú, á lọ jókòó sábẹ́ igi, á ní, "Ẹ tún un mọ." Á wá máa jẹ àgbàdo rẹ̀ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ilé amọ̀, ìpele ìpele ni wọ́n ń mọ ọ́n. Ìpele kan kì í ga ju orúnkún lọ. Bí ẹ bá mọ ọ̀kan tán, ẹ ó fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ kí ẹ tó gbé òmíràn lé e. Ó lè gba ọjọ́ márùn-ún, ó lè gba mẹ́wàá, ojú ọjọ́ ni yóò sọ. Ọ̀gá kì í ka ọjọ́. Ní àárọ̀ kùtù, á lọ fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ògiri, á dijú. Bí ó bá ṣì tutù, omi wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Á yíjú sí wa, á ní, "Ulí amọ̀ éè mọ ìkánjú. Ẹ wá nǹkan mìíràn ṣe." Ọ̀pọ̀ onílé ló bá a jà nítorí ọ̀rọ̀ yìí, pé ilé amọ̀ kò mọ ìkánjú. Wọ́n á ní ó ń fi iṣẹ́ àwọn falẹ̀, á sì dá wọn lóhùn pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ilé tó mọ nígbà náà ṣì wà ní Odigbo dòní, àwọn ènìyàn ń gbé inú wọn.

Ó wá ku oṣù méjì kí n gba òmìnira iṣẹ́ tí mò ń kọ́. Ìjọ aládùúrà kan ní abúlé kan lọ́nà Araromi-Obu gbé ilé àdúrà fún wa mọ. A ti mọ ìpele kẹta tán nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ sí Ọ̀gá láti Okitipupa pé ìyá ìyàwó rẹ̀ kú. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láàárọ̀ tó fẹ́ lọ. Sọ́ńdè wà ní odò, ó lọ pọnmi. Ọ̀gá fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ògiri náà, ó mi orí. "Ó ṣì tutù," ló wí. "Ìpele kẹrin kò gbọdọ̀ gorí rẹ̀ kí n tó dé. Ìwọ ni mo fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́." Mo ní, "Mo gbọ́, Ọ̀gá." Èmi nìkan ni mo gbọ́.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn àgbà ìjọ kó ara wọn wá. Ìyá Àdúrà wọn ti ríran pé inú ilé tuntun ni àwọn yóò ti ṣe ìrántí ọdún ìjọ, ọjọ́ náà sì ti sún mọ́lé. Wọ́n kò bú mi, wọn ò sì halẹ̀ mọ́ mi. Ìyá Àdúrà kàn ń pè mí ní "ọ̀gá kékeré". Wọ́n ní gbogbo ìjọ yóò gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta kí òjò má bàa rọ̀. Ọmọ aládùúrà ni èmi náà, mo mọ ohun tí ààwẹ̀ lè ṣe. Kí n sì sọ òótọ́, orúkọ "ọ̀gá kékeré" yẹn ti gun orí mi. Mo ní a ó mọ ọ́n.

Sọ́ńdè fi amọ̀ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wò mí. "Kí ni Ọ̀gá wí?"

Mo ní, "Ọ̀gá ní ká máa bá a lọ."

Gbólóhùn kan péré ni. Mo ti sọ ọ́ kí n tó mọ̀ pé mo sọ ọ́. Sọ́ńdè mú amọ̀ rẹ̀, ó dá orin, a sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Òjò kò rọ̀ lóòótọ́. Àdúrà wọn gbà pátápátá, oòrùn mú ganrínganrín fún ọjọ́ mẹ́ta. Ògiri yẹn ni kò gbọ́ àdúrà. Òde rẹ̀ gbẹ, inú rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, èmi wà lókè, Sọ́ńdè wà nísàlẹ̀, ó ń ju amọ̀ sí mi. Mo rí i tí ikùn ògiri náà yọ síta díẹ̀díẹ̀ bí ikùn aláboyún. Mo pe orúkọ Sọ́ńdè. Ó gbójú sókè, ó ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé mo fẹ́ dá orin ni. Ògiri náà wó lé e láti ìbàdí sísàlẹ̀.

Ọwọ́ ni a fi gbẹ́ ẹ jáde. Egungun itan òsì rẹ̀ fọ́ sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eegun, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, ẹ̀mí rẹ̀ kò bọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà kúrú ju èkejì lọ títí dòní.

Ọ̀gá dé. Àwọn àgbà ìjọ pé, bàbá Sọ́ńdè pé, gbogbo wa dúró síwájú amọ̀ tó wó. Ọ̀gá béèrè ẹni tó ní kí a mọ ìpele kẹrin. Bàbá Sọ́ńdè dáhùn pé ọmọ òun sọ pé Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni. Ọ̀gá yíjú sí mi. Mo wo ilẹ̀. Ó wò mí pẹ́, ó wá ní, "Èmi ni. Èmi ni mo ní kí wọ́n máa bá a lọ." Wọ́n bú u lójú mi. Bàbá Sọ́ńdè tutọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Bí ó bá sọ òótọ́ lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tí ì bá gbé iṣẹ́ fún mi mọ́ láyé, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kò bá mi sọ ọ̀rọ̀ náà rí títí ó fi kú. Ohun tó ṣe ni pé ó sún òmìnira mi síwájú. Ó dá mi padà sínú kòtò amọ̀, mo sì fi odindi ọdún kan mìíràn po amọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ tí mo fi ọdún márùn-ún jù. Àwọn ènìyàn ń béèrè ìdí rẹ̀, ó ń sọ pé ẹsẹ̀ mi dára fún amọ̀.

Sọ́ńdè kọ́ iṣẹ́ télọ̀. Ó ya ṣọ́ọ̀bù kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáráàjì ní Ore, ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló fi ń wa ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì mọ iṣẹ́ dójú àmì. Òun ló rán aṣọ ìgbéyàwó mi, òun ló rán aṣọ ilé-ìwé gbogbo ọmọ mi. Ṣùgbọ́n kò kí Ọ̀gá mọ́. Bí Ọ̀gá bá ń kọjá lójú títì, Sọ́ńdè á yí ẹ̀yìn sí i, á dojú kọ ògiri. Èmi a sì máa jókòó níbẹ̀ lórí àga oníbàárà. Ẹ mọ bó ṣe rí kí ọmọkùnrin máà kí àgbà nílẹ̀ wa. Nígbà tí Ọ̀gá kú, ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, Sọ́ńdè kò yọjú síbi ìsìnkú. Ó ní, "Ọkùnrin tó sọ mí di arọ ni." Mo gbé e mì bí mo ṣe máa ń gbé e mì.

Iṣẹ́ náà ti yí padà kí n tó fi í sílẹ̀. Títì ńlá sọ Ore di ìlú onílé púpọ̀, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ ilé amọ̀ mọ́. Búlọ́ọ̀kù dé, sìmẹ́ńtì dé, ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré dé, tí ó ń ṣe láàárín wákàtí kan iṣẹ́ tí àwa fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń fi fóònù wo bóyá ògiri tọ́. Mi ò bá wọn jà. Sìmẹ́ńtì tètè ń gbẹ, ó dára fún irú èmi tí n kò ní sùúrù. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, n kò mọ ìpele kan lórí òmíràn kí àyà mi má já.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Ọmọ mi obìnrin, Bọ́sẹ̀, tó jẹ́ olùkọ́ ìṣirò ní Íńdíà, ní kí n máa bọ̀ wá ṣe iṣẹ́ abẹ níbẹ̀. Mo lọ, wọ́n ṣe é, ojú là, mo sì rí i pé ọmọ mi ti ń hu ewú. Ó kù bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí n padà nígbà tó ní, "Bàbá mi, amọ̀ lẹ ń sọ lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ wo amọ̀."

Ọjọ́ méjì ni ọkọ̀ fi gbé wa gun òkè Himaláyà. Èmi tí mo mọ gbogbo kòtò tó wà lójú títì Ore sí Benin, mo di àga mú bí ọmọdé. Ẹ̀gbẹ́ kan jẹ́ àpáta, ẹ̀gbẹ́ kejì jẹ́ afẹ́fẹ́. Kò sí igi, kò sí koríko, òkè gbígbẹ títí dé ojú ọ̀run, yìnyín sì funfun lórí wọn. Ìgbà tí a yí kọ́nà kan, Bọ́sẹ̀ ní kí n wòkè. Mo rí ilé kan tó jókòó ṣóńṣó sí etí àpáta. Ògiri rẹ̀ funfun, ó ga fíofío, ó fẹ̀ nísàlẹ̀, ó ń fún bó ṣe ń lọ sókè. Nísàlẹ̀, fèrèsé rẹ̀ kò ju ihò tí ènìyàn lè ki apá sí lọ. Lókè, wọ́n fẹ̀. Mo ti mọ ohun tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún mi. Ilé tí wọ́n mọ nítorí ogun ni.

Ilé àwọn mọ́ǹkì ni, àwọn ọkùnrin tó fi gbogbo ayé wọn fún ẹ̀sìn Búdà, odi ìlú náà sì ni. Ọkùnrin tó mú wa yípo ṣàlàyé pé láyé àtijọ́, bí ogun bá dé, gbogbo abúlé á kó ọkà àti ẹran wọn gun ibẹ̀ lọ, àwọn mọ́ǹkì á ti ilẹ̀kùn. Ó ti wà níbẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Mo na apá mi méjèèjì sí ẹnu ọ̀nà láti wọn ìnípọn ògiri náà, apá mi kò ká a. Mo fi èékánná ha á níbi tí ẹfun rẹ̀ ti ṣí. Amọ̀ ni. Amọ̀ lásán bíi ti Odigbo, tí wọ́n fi òkúta tẹ́ ìdí rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo pariwo rẹ́rìn-ín, mọ́ǹkì kan tó ń kọjá sì bá mi rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní kí a bọ́ bàtà kí a tó wọlé. Mo wo Bọ́sẹ̀. A wọlé, mo rí fìtílà tó ń jó ní ìlà, tùràrí ń rú, agogo ń dún, àwọn ọkùnrin tó wọ aṣọ gbọọrọ jókòó sílẹ̀, wọ́n ń kọ ohun kan lọ́hùn ìsàlẹ̀. Mo sọ sétí ọmọ mi pé, "Ṣé ó dá ọ lójú pé kì í ṣe aládùúrà ni wọ́n?" Ó fi ọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má bàa pa á. Mo bẹ Ọlọ́run mi nínú pé kí ó má bínú sí mi, mo sì rọra jókòó. Mọ́ǹkì àgbàlagbà kan bu tíì fún wa. Iyọ̀ ni wọ́n fi sè é, wọ́n sì fi bọ́tà sí i. Mo rò pé ọbẹ̀ ni, mo sì ń wojú wọn bóyá òkèlè ń bọ̀.

Ẹ̀yìn ilé náà ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ògiri kan ti yà níbẹ̀, wọ́n ń tún un mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé àtijọ́. Wọ́n fi pákó méjì gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, wọ́n da amọ̀ tó tutù díẹ̀ sáàárín, tọkùnrin tobìnrin dúró lórí rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ odó, wọ́n ń gún un bí ẹni gúnyán, wọ́n sì ń kọrin. Mo dúró, n kò lè kúrò níbẹ̀ mọ́. Wọ́n gún ìpele náà tán, àwọn ọ̀dọ́kùnrin fẹ́ sún pákó sókè fún ìpele tó kàn. Bàbá arúgbó kan dìde lórí òkúta tó jókòó sí. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ògiri náà, ó mi orí. Kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ tó sọ. Wọ́n gbé pákó sílẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mu tíì. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Kò sẹ́ni tó sọ pé ọdún ń bọ̀, tàbí pé òun fẹ́ di ọ̀gá.

Bí wọ́n ṣe jókòó wẹ́rẹ́ yẹn ló pa mí. Omijé bọ́ lójú tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe fún mi. Bọ́sẹ̀ rò pé òkè ló ń mú mi, ó ní kí n mí dáadáa. Mo jókòó sórí òkúta, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ohun tí Ọ̀gá sọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn títí dé orí irọ́ tí mo pa. Kò bú mi. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Bàbá mi, kì í ṣe èmi ló yẹ kí ẹ sọ ọ́ fún."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti sáré ju ogún lọ. Nígbà tí mo padà dé, mi ò tíì dé ilé tí mo fi ní kí ọkọ̀ já mi sílẹ̀ ní Ore, tòun ti àpótí mi. Sọ́ńdè ń rán ṣòkòtò kan. Ó rí mi, inú rẹ̀ dùn. "Gha jókòó," ló wí, "sọ ti òyìnbó fún mi."

Mo ní, "Mi ò ní jókòó." Ìdúró ni mo ti sọ ọ́. Ó ń rán aṣọ rẹ̀ lọ bí mo ṣe ń sọ ọ́, ó rán an dé ìparí, ó já òwú, ó ní:

"Ọ̀gá ò ní ká máa bá a lọ."

"Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní a ò gbọdọ̀ mọ ọ́n."

"Ìwọ lo sì jókòó sórí àga yẹn nígbà tí mò ń yí ẹ̀yìn sí i."

"Èmi ni."

Mo dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Kò ní kí n dìde, kò sì ní kí n má dìde. Ó na ọwọ́ mú ọ̀pá rẹ̀. "Ìyàwó Ọ̀gá ńkọ́? Ṣé ó wà?"

"Ó wà."

"Pe ọ̀kadà méjì. N kò ní jókòó sórí ọ̀kan pẹ̀lú rẹ."

Màmá wà níwájú ilé wọn ní Odigbo, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ó ti darúgbó gidi, etí ló fi ń dá ènìyàn mọ̀. Sọ́ńdè gbìyànjú láti dọ̀bálẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò ká, ó sì ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kan sínú erùpẹ̀. Mo fẹ́ gbé e, ó gbá ọwọ́ mi dànù.

Màmá béèrè pé, "Ta nìyẹn?"

"Sọ́ńdè ni, Màmá. Sọ́ńdè tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín."

Màmá gbé ẹ̀gúsí rẹ̀ sílẹ̀. "Sọ́ńdè. Ẹsẹ̀ rẹ ńkọ́?"

Ọkùnrin tó ti ju àádọ́rin ọdún lọ bú sẹ́kún. Mo ní kí n sọ̀rọ̀, mo ní èmi ni mo jẹ̀bi, èmi ni mo pa irọ́. Màmá ní kí n dákẹ́, òun ti mọ̀ láti ọjọ́ tí òun àti ọkọ òun ti dé láti Okitipupa. Ó ní ohun tí òun fẹ́ kí Sọ́ńdè gbọ́ ni pé gbogbo ìgbà tí Ọ̀gá bá ti Ore dé, òun máa ń bi í bóyá ó rí ọmọ yẹn. Ọ̀gá á ní, "Mo rí i. Ó ń ránṣọ." Á wá bu omi mu, á jókòó. Màmá ní Ọ̀gá kò níṣẹ́ kankan tó ń ṣe ní gáráàjì Ore nígbà náà. Ó kàn máa ń gba ibẹ̀ kọjá ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá ń bi mí bóyá kí ẹ kọ́ iṣẹ́ ilé, ẹ kọ́ ọ, iṣẹ́ gidi ni, ẹni tí ẹ mọlé fún kò ní gbàgbé yín. Ẹ má bẹ̀rù ọ̀gá tó le. Ẹni tí ẹ ó bẹ̀rù ni ẹni tó bá pè yín ní ọ̀gá kí ó tó tó àkókò. Sọ́ńdè kò tíì dárí jì mí tán, ó sì sọ ọ́ fún mi lójú. Aṣọ tí mo gbé fún un ní oṣù tó kọjá, kò tíì fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìsinmi gbogbo, tí ìjọ bá ti tú, á gun ọ̀kadà lọ sí Odigbo lọ kí Màmá. Mo máa ń dúró ní ìdí ọ̀pẹ tó wà lódìkejì títì, níbi tí kò ti ní rí mi, màá wò ó títí á fi wọlé. Màá wá mí kanlẹ̀, màá sì máa lọ sílé mi.